Oko Ọkọ Mi Ni, Ni Àbẹ̀ní Wí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ sún mọ́ mi. Ara mi yá lónìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi kún ilé, ariwo wọn ń dùn mọ́ mi létí, ẹnu sì ń yún mi láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀ní ni, aládùúgbò mi ní Ìlá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ má bá mi fi nǹkan kan pa mọ́, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú ẹ̀."

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ọ.

Ọ̀rà ni wọ́n ti gbé Àbẹ̀ní níyàwó wá sí Ìlá. Lọ́jọ́ tó wọlé, ọmọbìnrin kan wà nínú agbo ilé tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká. Àbíkẹ́ ni orúkọ ọmọ náà, àbúrò Mùstàfá ọkọ Àbẹ̀ní ni. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rákòrò. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún wọn.

Àbẹ̀ní wo ẹnu ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin, Eyínfúnjowó ni n ó máa pè yín."

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi tí mi ò ní eyín?"

"Yóò hù. Ẹ ó sì rí i bí yóò ṣe funfun tó."

Eyín náà hù, ó sì funfun lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ni Àbíkẹ́ ti ń pe Àbẹ̀ní ní "ìyàwó mi", tí Àbẹ̀ní sì ń pè é ní Eyínfúnjowó. Àbíkẹ́ dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Òkè-Ìlá, ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, Mùstàfá náà kú. Wọ́n ti ta oko tirẹ̀ fi tọ́jú àìsàn tó pa á. Ọmọ́táyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún Àbẹ̀ní, wà ní Kàdúná, ìwé kan ló ń kọ wálé lọ́dún.

Báyìí ló ṣe ku àwọn obìnrin méjèèjì. Ìkòkò kan ni wọ́n ń gbé kaná. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Àbíkẹ́ á gbá ilẹ̀kùn Àbẹ̀ní.

"Ìyàwó mi, ṣé wọ́n so ọ́ mọ́ ẹní ni?"

"Mo ti jí, Eyínfúnjowó. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n gbádùn oorun."

Kò sí nǹkan mìíràn tí Àbẹ̀ní ní láyé tó jù ìyẹn lọ. Kò mọ̀ ni.

Ọyẹ́ ọdún 1983, ẹ̀yin àgbà inú yín ò ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Iná sọ lápá Ọ̀rà, ó sọ lápá Ire, ó ń fò láti oko dé oko. Oko kòkó tí Àbíkẹ́ jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ wà lára èyí tó jóná. Àbíkẹ́ ò dúró. Ó já imọ̀ ọ̀pẹ, ó kó wọ inú èéfín láti pa iná. Kò rí ọ̀nà, ó já sí kòtò, itan rẹ̀ kán.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń to eegun ní Òkè-Ìlá ni wọ́n gbé e lọ, nítorí Esther ọmọ Àbíkẹ́ ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Àbẹ̀ní mú.

"Ìyàwó mi, bá mi fojú sí oko yẹn. Ìwọ ni mo ní."

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ilé dákẹ́. Àbẹ̀ní á jí, á jókòó sórí ẹní, á máa retí ẹni tí yóò gbá ilẹ̀kùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn àgíríkì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ oko, dé. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ran àwọn tí kòkó wọn jóná lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò fún olóko lówó ìrànwọ́: tó bá ṣán oko tó jóná tán, tó bá gbin ọmọ kòkó tuntun, àti ìgbà tí wọ́n bá wá wò ó tí ọmọ kòkó náà yè.

Ọ̀gá Jóṣúà ni wọ́n ń pe ẹni tó wá kọ orúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, ẹrẹ̀ bo alùpùpù rẹ̀. Ó bá Àbẹ̀ní nínú eérú oko náà.

"Ìyá, ta ló ni oko yìí?"

"Oko ọkọ mi ni."

Kò parọ́ o. Àbíkẹ́ ló ní lọ́kàn.

"Kí ni orúkọ wọn?"

Àbẹ̀ní bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ọmọ mi! Èmi kọ́ ni n ó pe ọkọ mi lórúkọ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sí Ọ̀rà ni?"

"Ìyá, ìwé ìjọba ò mọ ìyẹn. Orúkọ ni mo fẹ́ kọ."

"Ó dáa, kọ Eyínfúnjowó."

"Kí n kọ kí ni? Ọ̀gá mi ní Òṣogbo á ní mo mutí." Ó nu òógùn ojú. "Ṣé ìwé kankan wà nílé tí orúkọ wọn wà lára ẹ̀?"

Wọ́n jọ lọ sílé. Ọ̀gá Jóṣúà gbójú sókè, ó rí káàdì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó tí Mùstàfá fi ìṣó kàn mọ́ ògiri nígbà ayé rẹ̀. Ó yọ bírò.

Àbẹ̀ní ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ káàdì náà. Ó lanu, ó fẹ́ sọ pé, rárá o, kì í ṣe ọkọ ìyẹn ni mò ń wí.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀gá Jóṣúà kà á sókè. "Mùstàfá Àrẹ̀mú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkùnrin náà, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ yẹn mọ́ nínú ilé. Olóògbé ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, wọn ò pè é ní nǹkan kan mọ́. Àbẹ̀ní alára ò pè é rí látọjọ́ tó ti wọlé rẹ̀. Ó wá gbọ́ ọ báyìí, kedere, látẹnu ọkùnrin, bí ìgbà tí wọ́n ń kí i lójúde tó ń ti oko bọ̀.

"Ìyá, ṣé òun ni?"

"Òun ni."

"Ṣé wọ́n wà nílé?"

"Wọn ò sí."

Ọ̀gá Jóṣúà rò pé baálé ilé rìnrìn àjò ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Àbẹ̀ní ní òun fẹ́ sáré tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò lọ.

Nígbà tí ọjọ́ owó àkọ́kọ́ pé, wọ́n kó gbogbo olóko jọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́. Àbẹ̀ní ti pinnu pé òun á ṣàlàyé. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti ilé. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Jóṣúà dìde, ó fi gbogbo ohùn pè é.

"Mùstàfá Àrẹ̀mú!"

"Ó wà o!"

Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti dìde. Wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ inú tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìwé, wọ́n gbé owó lé e lọ́wọ́.

Ó fi apá kan sanwó fáwọn tó ṣán oko. Apá kejì, ó fi kan páànù tuntun sórí yàrá rẹ̀ tó ń jò. Kì í ṣe pé wèrè ń ṣe é. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á dá a padà.

Babáyẹmí, tó jẹ́ àgbà ilé, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, o káre. Ṣebí ti Àbíkẹ́ lò ń bá a gbà pa mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"O ṣe é re. Obìnrin bíi tìẹ ṣọ̀wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un bí ẹ̀gún.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó di èlùbọ́ àti irú, ó wọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Àbíkẹ́ na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, wọ́n fi igi gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bó ṣe rí Àbẹ̀ní, eyín rẹ̀ yọ.

"Ìyàwó mi dé o! Esther, wá wo ìyàwó mi. Ó ti rù. Ṣé kò rí ẹni bá jẹun ni?"

"Ta ni n ó bá jẹun? Ẹ̀yin lẹ sá wá síbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Àbíkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ pé ìjọba ń fún àwọn tí kòkó wọn jóná lówó. Àbí tiwa ò jóná tó ni?"

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kó kàn sọ̀rọ̀ ni.

"Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa," ni Àbẹ̀ní wí.

"Wọ́n máa dé. Tí wọ́n bá dé, ìwọ ni kí o bá mi gbà á. Kí o sì jẹ ńbẹ̀ o. Má wo ojú mi. Ìwọ lò ń ṣe làálàá."

Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tó jí, wọ́n ti fi ta á lọ́rẹ. Àbẹ̀ní sunkún nínú ọkọ̀ láti Òkè-Ìlá dé Ìlá. Ẹni tó jókòó tì í rò pé òkú ló ti lọ sin.

Látọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́n ní Òkè-Ìlá. Ẹni tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di ẹni tó ń lọ lóṣooṣù, nígbà tó ṣe, kò lọ mọ́. Esther ránṣẹ́ pè é, Àbẹ̀ní ní òun ń ṣòjòjò. Itan Àbíkẹ́ ò tètè jiná, ibẹ̀ náà ni Esther ti bímọ, Àbíkẹ́ sì dúró bá a tọ́mọ. Ó ju ọdún kan lọ tí ojú wọn ò kan ara wọn.

Ọdún yẹn ò tíì parí tán tí àwọn sójà fi gba ìjọba. Gbogbo wa rò pé owó ìrànwọ́ ti wọmi. Àbẹ̀ní dúpẹ́ nínú, ó ní kí ó wọmi kí òun sinmi. Kò wọmi. Àkókò òjò padà dé, wọ́n tún pè wá sí pápá, ìlà la tò lọ́tẹ̀ yìí, sójà kan tó mú kòbókò lọ́wọ́ sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.

"Mùstàfá Àrẹ̀mú!"

"Ó wà o!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nípa Àbẹ̀ní. Ó ṣiṣẹ́ oko náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ru ọmọ kòkó lórí, tó gbìn ín lọ́kọ̀ọ̀kan, tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín rẹ̀ kí oòrùn má pa á. Á jókòó nínú oko, á máa bá Mùstàfá sọ̀rọ̀. Á ní, "Wọ́n tún pè yín lánàá. Ohùn ọmọ yẹn dùn." Kò sí ẹlòmíràn tó lè bá sọ ọ́. Bí ará ilé bá kí i pé ó ń ṣe dáadáa, á yára wọlé. Lábẹ́ páànù tuntun, á jẹun nìkan.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n wá wo àwọn ọmọ kòkó náà. Wọ́n yè. Wọ́n dá ọjọ́ owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni Àbíkẹ́ padà wálé. Kò ránṣẹ́ síwájú. Ó fẹ́ ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ni. Ó fi ọ̀pá rìn wọ agbo ilé, ó rí páànù tó ń kọ mọ̀nà lórí yàrá Àbẹ̀ní, ó pariwo ayọ̀.

"Ẹ wá wo ilé ìyàwó mi! Ọmọ́táyọ̀ mà ṣe dáadáa o!"

Àwọn ọmọdé sọ fún un pé gbogbo àgbà wà ní pápá. Ó kọrí síbẹ̀.

Àbẹ̀ní dúró lórí ìlà, ó kọjú síwájú.

"Mùstàfá Àrẹ̀mú!"

"Ó wà o!"

Ohùn kan dáhùn látẹ̀yìn. "Níbo ló wà?"

Àbẹ̀ní mọ ohùn náà. Ó ní òun ò lè yíjú padà.

"Mo ní níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà? Ẹ fi hàn mí."

Ọ̀gá Jóṣúà gbé ojú kúrò lórí ìwé. "Ìyá, ta ni yín?"

"Àbúrò rẹ̀ ni mí. Ìyá kan, bàbá kan. Mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ lé e."

Sójà náà sún mọ́ ọn. Yorùbá rẹ̀ ò já gaara. "Òkú? Ta ló ń gba owó fún òkú?"

Ọ̀gá Jóṣúà gbé bírò sílẹ̀. "Ìyá Àbẹ̀ní, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé oko ọkọ yín ni?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Àbẹ̀ní yíjú padà nígbẹ̀yìn, ó nawọ́ sí Àbíkẹ́. "Ọkọ mi nìyí. Eyínfúnjowó ni mo ní kí o kọ."

Ọ̀gá Jóṣúà lanu sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni Eyínfúnjowó?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Babáyẹmí ti dìde. "Ẹ fara balẹ̀. Àbíkẹ́, ìyàwó ń bá ọ gbà á pa mọ́ ni. Ó sọ fún mi."

"Pa mọ́?" ni Àbíkẹ́ wí. "Ó sọ fún mi pé wọn ò tíì..."

Ó wo Àbẹ̀ní, ó wo kòbókò tó wà lọ́wọ́ sójà. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n: tó bá fi lè parí ọ̀rọ̀ yẹn, wọn yóò gbé Àbẹ̀ní lọ sí Òṣogbo, a ò sì mọ ìgbà tí yóò bọ̀. Àwọn sójà ìgbà yẹn kì í ṣeré.

Àbíkẹ́ kọjú sí sójà náà.

"Ọ̀gá, kò parọ́. Nílé wa, ọkọ rẹ̀ ni mí. Èmi ni mo ní kó bá mi gbà á, kó sì jẹ ńbẹ̀. Akọ̀wé yín ló kọ orúkọ tí kò yẹ. Àbíkẹ́ ni kí ẹ kọ síbẹ̀."

Sójà náà wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀. "Obìnrin ló tún jẹ́ ọkọ obìnrin? Ẹ̀yin èèyàn yìí!" Ó pòṣé, ó kọjá lọ. Ọ̀gá Jóṣúà yára fa ìlà lé orúkọ Mùstàfá, ó kọ Àbíkẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n jọ padà sílé. Àbẹ̀ní kúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Eyínfúnjowó, ẹ forí jì mí."

"Kí ló dé? Mo ti ní kí o jẹ ńbẹ̀. Kí lo wá ń jí?"

Ibẹ̀ ni Àbẹ̀ní ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. "Ọjọ́ tí ọmọ yẹn ka orúkọ wọn sókè, ó dà bíi pé wọ́n wọlé. Mo kàn fẹ́ máa gbọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n mọ́. Èmi ò sì lè pè wọ́n."

Àbíkẹ́ fara ti ògiri. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Èmi lè pè é. Mùstàfá. Mùstàfá Àrẹ̀mú, ọmọ ìyá mi. Ṣé o gbọ́? Ojoojúmọ́ ni ǹ bá máa pè é fún ọ. Ká ní o wá bá mi ni."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àbẹ̀ní gbọ́ ìró ọ̀pá tó ń bọ̀. Ó jókòó sórí ẹní. Ọ̀pá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ọmọ́táyọ̀."

Ọ̀pá náà sì kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé, ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Àbíkẹ́ ò bú u. Kò lé e kúrò nílé. Kò tilẹ̀ béèrè páànù. "Ẹ" ló fi bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ tó ti ń sọ fún ọ pé "ìwọ" láti kékeré, tó wá ń kí ọ bí ẹni tó kí àlejò. Ìkòkò wọn di méjì. Ohun tí Àbẹ̀ní bá sè, ó máa ń pọ̀ jù; kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan.

Kòkó náà dàgbà. Ní ọdún 1988, ó so èso àkọ́kọ́. Àbíkẹ́ fi agbọ̀n kan ránṣẹ́ sí i, ó ní kí wọ́n sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ gbìn ín." Àbẹ̀ní gbé agbọ̀n náà sí ẹsẹ̀ ẹní rẹ̀ títí kòkó inú rẹ̀ fi gbẹ.

Lẹ́yìn ọdún kan, Sànúsí ọmọ Babáyẹmí gbé ìyàwó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àbẹ̀ní ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́ ohùn Àbíkẹ́ láti iwájú ilé, ohùn ọjọ́sí gan-an, tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Ìyàwó mi! Ṣé wọ́n so ọ́ mọ́ ẹní ni?"

"Mo ń bọ̀ o, Eyínfúnjowó!"

Ó sáré. Ẹ ẹ̀ rí ìyá arúgbó tó ń sáré, ọṣẹ ń ro tótó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ síwájú ilé, ó bá Àbíkẹ́ níbẹ̀. Dúpẹ́, ìyàwó tuntun, ń bọ̀ láti inú yàrá, ó ń so ìró mọ́dìí.

Àbíkẹ́ wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀, Àbẹ̀ní ní òun rí i pé ó rọ̀. Lẹ́yìn náà ó wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá Ọmọ́táyọ̀. Dúpẹ́ ni mò ń pè."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àbẹ̀ní ti dáhùn lórúkọ ẹni tí kò sí. Ẹ̀kẹrin rèé, ó dáhùn ìpè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó ní kí n sọ fún yín kò pọ̀. Ó ní bí ilé bá ń dá yín wà, ẹ wá ẹni tó kù lọ. Ẹ sọ fún un. Ẹ má lọ máa jí ohun tí wọ́n ń gbé fún yín.

Títí di òní, Àbẹ̀ní kì í fẹ́ òjò. Bó bá ti ṣú, á gbé àpótí jáde, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fúùfù á máa fọ́n omi sí i lára, yàrá rẹ̀ tí kò jò á sì ṣófo. Mo bi í léèrè rí, mo ní kí ló ń lé e jáde kúrò lábẹ́ páànù tó dára tó báyìí.

Ó ní ariwo òjò lórí páànù pọ̀ jù. Ó ní tí wọ́n bá pe òun, òun ò ní gbọ́.